Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná Màmá Ìkirè

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo wá kóró ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí ó fi sú mi. Àgbàdo ní kóró. Ìbẹ́pẹ ní kóró, tiẹ̀ tún pọ̀ lápọ̀jù. Ọsàn ní kóró, èyí tí mo bá sì ṣèèṣì gbé mì, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á ní igi ọsàn máa hù lórí mi kílẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni mi ò rí tiẹ̀. Mo la àgbagbà tó pọ́n dáadáa sí méjì, mo fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo gbé e sójú oòrùn wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ni mo bá lọ bá Màmá Ìkirè, ìyá tó bí bàbá mi, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbìn kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn tó hù.

Wọ́n ń fọ ìkòkò lọ́wọ́. Wọ́n da omi ìfọ̀kòkò náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni mo gbìn ín. Bí mo ṣe wọlé ọkọ ni mo bá a níbẹ̀."

Ìdáhùn yẹn bí mi nínú. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ lé mi lọ ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ bí ohun tí wọ́n sọ ti jinlẹ̀ tó.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń sọ o, kì í ṣe ògèdè. Ọ̀kan ń bẹ nínú agbada epo, èkejì ń bẹ lẹ́nu bàbá tó mú ìwo dání. Ẹni tó bá ṣi méjèèjì pè níwájú bàbá yẹn, kó má pè mí sẹ́lẹ́rìí.)

Ìkirè wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí ti mọ ohun tí wọ́n ń sáré gbé wá sójú wíńdò ọkọ̀: dòdò Ìkirè, tó pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí wọ́n mọ bí òkìtì kékeré, tí ata inú ẹ̀ á máa ta ẹni lẹ́nu títí a ó fi dé Aṣèjìrẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí èèpo ẹ̀ ti dúdú, tó ti rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀, tí ẹlòmíì ì bá dà nù. Wọ́n á po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì dín in nínú epo pupa. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí òwe tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò yá bù ṣán, ọmọ burúkú kò yá lù pa. Dúdú inú òwe yẹn, èyí tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń bá wí, nítorí pé ohun tí kò bá tíì pọ́n, dúdú là ń pè é. Dúdú ti Ìkirè wà ní òdìkejì, lẹ́yìn tí pípọ́n ti kọjá lọ. Láàárín dúdú méjèèjì yẹn ni gbogbo oúnjẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Èyí tí kò pọ́n ni a ń sá, tí a ń lọ̀ ní èlùbọ́, tí a ń rò ní àmàlà. Òun náà ni ìpékeré. Èyí tó ń pọ́n bọ̀ ni bọ̀ọ̀lì, èyí tó pọ́n tán ni dòdò. Èyí tó bá sì ti rọ̀ jù ni mọ́sà, tàbí dòdò Ìkirè fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Èèpo tó bá kù, wọ́n á sá a, wọ́n á jó o, eérú ẹ̀ á sì wọ inú ọṣẹ dúdú.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Màmá tó mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójú kan, ìyá, ọmọ, àti ọmọ ọmọ, tí gbogbo wọn fún mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀ Mọ́lúè. Kò sí ẹni tó ń ro ó, kò sí ẹni tó ń fọ́n ajílẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá ti ilé ìdáná jáde, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ: èèpo iṣu, eérú ààrò, omi ìfọ̀kòkò, ìyẹ́ adìyẹ ọdún Kérésì, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, ọbẹ̀ tó ti kan. Àwa ọmọkùnrin náà ní ohun tí à ń dá síbẹ̀ lálẹ́, tí ẹ̀rù bá ń bà wá láti rìn dé ilé ìgbẹ́. Ọdọọdún ló ń so. Mi ò rántí ọdún tí kò so rí.

Màmá máa ń sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń rìn. Àwa rò pé àlọ́ ni. Àmọ́ bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná gan-an ló wà, tí ewé ẹ̀ ń fá páànù nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Nígbà tiwa, ó ti sún tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí apá ibi tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn gbà. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í gba àárín ìyá ẹ̀ yọ, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Ọmọ tirẹ̀ náà á tún gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yọ. Èyí tó bá bọ́ sí apá ibi tí oúnjẹ àti oòrùn wà á yè, èyí tó bá bọ́ sábẹ́ páànù á rà. Tí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kúrò níbi tí wọ́n gbìn ín sí, láìsí ẹni tó gbé e.

Ọdún 2017 ni Màmá papò dà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹnu ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: "Bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò." Ẹni kẹta tó sọ ọ́, àbúrò bàbá mi ni. Wọ́n fara ti ọ̀kan nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọ́n gbé ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún wa pé tí gbogbo ayẹyẹ bá ti parí, àwọn máa ṣán gbogbo ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló máa dúró síbẹ̀. Mi ò lè bá wọn jà. Ilé ni ti wọn, ojú ọ̀nà sì ti sún mọ́ ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á mówó wọlé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú ọmọ díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kó gbogbo ẹ̀ lọ."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo mú àdá, mo lọ síbẹ̀. Bàbá Rísí, tí wọ́n ń gbé ilé kejì, tí wọ́n ti fi oko kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tọ́mọ, jókòó sórí àpótí, wọ́n ń run orín. Mo lọ síbi ọmọ tó wù mí jù: ó ti ga dé igbáàyà mi, ewé ẹ̀ fẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, ó tutù yọ̀yọ̀.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ojú lásán ló ní."

"Èwo wá ni kí n mú, bàbá?"

Wọ́n fi orín nà sí ọ̀kan tí mi ò tilẹ̀ kà sí. Kò ga. Ewé ẹ̀ tín-ín-rín, ó ṣe ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ ki pọ́pọ́. "Èyí un ni ìyá ẹ̀ ń bọ́. Ìyẹn tó o dì mú yẹn, ìyá ẹ̀ ti já a jù sílẹ̀, òun ló ń dá wá oúnjẹ jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi tètè na ewé."

Mo ti wá ka ohun tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn kọ nípa rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ọmọ tí okùn àárín òun àti ìyá ẹ̀ bá le dáadáa kì í sáré yọ ewé ńlá, nítorí pé oúnjẹ ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀. Ìdí ló ń fi gbogbo agbára ẹ̀ kọ́. Èyí tí okùn ẹ̀ kò bá le ló ń sáré tẹ́ ewé sí oòrùn, kó lè ríbi jẹun. Tí a bá wá gbin méjèèjì, ti àkọ́kọ́ á so ìdì ńlá, ti èkejì á fi ewé fẹlá lásán. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, mo ń ro ti àwọn ọmọ kan tí a jọ kàwé, tí wọ́n ti ń dá ná owó ara wọn láti ọmọ ọdún méjìlá, tí gbogbo àdúgbò ń yìn wọ́n pé wọ́n ti dàgbà.

Mo gbẹ́ ẹ. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí kìtì bí iṣu kókò ńlá, gbòǹgbò funfun bí okùn ló yí i ká. Bí mo ṣe fi àdá gé e kúrò lára ìyá ẹ̀, omi tú jáde, ó dà sí mi lára ẹ̀wù. (Ẹ̀wù náà ṣì wà. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í gbọ́ ti ọṣẹ.) Bàbá Rísí ní kí n máa fi ọ̀bẹ ha ìdí náà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, ṣé a fẹ́ sè é ni. Wọ́n ní kí n sáà máa ha á. Abẹ́ èèpo àkọ́kọ́ ni mo ti rí i: àwọn ihò tóóró aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó lọ tí ó bọ̀ bí ọ̀nà inú oko. Nínú ọ̀kan, ìdin funfun kékeré kan wà tó ká kò. Kòkòrò dúdú tó ní ẹnu gígùn ló ń yé ẹyin síbẹ̀, ìdin ẹ̀ á sì máa jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ láti inú, títí atẹ́gùn kékeré kan á fi wó o lulẹ̀ tòun tèso. Ẹni tó bá gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìha ìdí ẹ̀, ó gbin kòkòrò mọ́ ọn nìyẹn. Mo ha á títí ó fi funfun báláú. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mo tún ṣe ohun tí àwọn IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn, máa ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn: mo rì í sínú omi tó ń hó fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá, láti pa ẹyin kòkòrò àti àwọn aràn tíntìntín tí ojú ò rí. Ìyàwó mi wò mí, ó wo ìkòkò, ó bi mí ṣé kóun gbé iyọ̀ wá.

Mẹ́ta ni mo kó bọ̀ nínú àpò ìrẹsì. Ọ̀kan rà; mo rò pé mo pẹ́ jù nídìí omi gbígbóná. Ọ̀kan hù, ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ẹ́, ó tún hù, ewúrẹ́ tún jẹ ẹ́, nígbà tó yá, ó gbà fún ewúrẹ́. Ẹ̀kẹta ló yè. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo gbìn ín sí.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí ò mọ̀ pé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní igi nínú. Ìdí ewé ló wé mọ́ra wọn bí àlùbọ́sà. Orí tó ń hù gan-an, ìsàlẹ̀ ló fara pamọ́ sí, nínú ìdí tó rí kìtì yẹn, ibẹ̀ ló ti ń ran ewé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé tuntun á yọ látàárín ní kíká bí ẹní, á dúró ṣangílítí fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á tú. Mo máa ń jí wò ó. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú láàárọ̀ kì í ní ọgbẹ́ kankan lára. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, atẹ́gùn á ti ya á wẹ́wẹ́ bí aṣọ eégún. Yíya yẹn ò pa á lára. Ó dà bíi pé ó ti mọ̀ pé atẹ́gùn ń bọ̀, ó sì ti gé ara ẹ̀ sílẹ̀ fún un láti ya.

Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ewé tó ti yọ fi lé ní 30. Lẹ́yìn náà ni orí tó wà nísàlẹ̀ yí iṣẹ́ padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò yọ ewé mọ́. Òdòdó ló ń mọ. Òdòdó yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò gba àárín igi yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ọmọ tó gba inú ihò tóóró kọjá, títí yóò fi yọ lókè tí yóò sì tẹrí ba. Nígbà tí èmi fi rí i, ó ti ń rìn nínú ibẹ̀ fún bí oṣù kan, mo sì ti ń bú u pé kò fẹ́ so.

Lọ́jọ́ tó yọ, mo gbé àga, mo gùn ún. Ohun pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni, ó rí ṣóńṣó bí ọkàn màlúù. Awọ tó bò ó wà ní ìpele ìpele. Èyí tó wà lókè pátápátá ti ṣí díẹ̀. Mo fi ìka gbé e. Abẹ́ ẹ̀ ni mo ti rí wọn, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìka ọmọ ìkókó, òdòdó funfun kékeré lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí oyin ti ń fò yí i ká. Èèrà ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Àwọn òdòdó abo nìyẹn, àwọn ló ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmìnì ni, akọ òdòdó á tẹ̀ lé wọn, ohun pupa yẹn á sì máa rọ̀ nísàlẹ̀ títí wọn ó fi gé ìdì náà. Ti àgbagbà tèmi yìí kò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó so ẹ̀ya mélòó kan, ẹyọ ńláńlá, lẹ́yìn náà ohun pupa náà rọ, ó sì pòórá. Mo lọ wá ọparun, mo fi ti ìdì náà lọ́wọ́, nítorí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá wúwo lè fa ìyá ẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Oyin yẹn, lásán ló ń ṣíṣẹ́, ó kéré tán fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgbagbà kì í dúró de oyin kó tó so. Òdòdó ẹ̀ ń di èso láìgba àtọ̀ akọ òdòdó kankan, ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó ń fọ́ ọ kiri ò fi rí kóró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí: ohun tí a ń jogún lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, ìdì méjì-méjì ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Ìdì mẹ́ta ni ti àgbagbà, okùn ìjogún tíntìntín (chromosome) 11 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ 33. Tó bá wá tó àsìkò láti pín in sí méjì ọgbọọgba kí kóró lè wà, pípín ò ṣeé ṣe. Méjì nínú ìdì náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Musa acuminata ló ni wọ́n; ẹ̀kẹta, Musa balbisiana. Igbó gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni àwọn méjèèjì ti wá, kóró dúdú tó le bí òkúta ló sì kún inú wọn, tí ènìyàn á fi máa wá ibi tí yóò jẹ. Ní Kuk, ní Papua New Guinea, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àmì pé ó ti tó nǹkan bí 7,000 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbà mí lọ́kàn jù nìyí. Ẹnì kan, níbì kan, rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kóró inú ẹ̀ dín kù. Ó jẹ ẹ́, ó dùn. Kò sí kóró tó máa gbìn, nítorí náà ó gbẹ́ ọmọ ẹ̀, ó gbé e lọ. Ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gba orí òkun, ó gba inú igbó, ó dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà lónìí, oríṣi àgbagbà tó wà lé ní 100, kò sì sí èyí tí kóró bí nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan á yọ tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ìyá ẹ̀: ẹyọ ẹ̀ gùn jù, tàbí ó kúrú, tàbí ó so púpọ̀. Ìyá àgbà kan nínú oko á rí i, á ní, "Hẹn-ẹ̀n, èyí yàtọ̀ o," á gbìn ín lọ́tọ̀, á fún àwọn ọmọ ẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú àti ọwọ́ àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn ló ṣe iṣẹ́ tí oyin àti kóró ì bá ṣe.

Kòkó náà sì wá gbé e káàkiri ilẹ̀ wa sí i. Kòkó kékeré ò fẹ́ oòrùn lórí, abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn bàbá wa máa ń gbìn ín sí títí yóò fi dúró. Tí wọ́n bá sì bó kòkó, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fi bò ó kó lè kan. Ní agbègbè Ìkirè, oko kòkó tí kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, oko ọ̀lẹ ni.

Ìgbà yìí ni òwe ọjọ́ ìsìnkú wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. A ní tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òótọ́ ni pé ìyá á kú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń so láyé ẹ̀, tí a bá gé ìdì ẹ̀ tán, jíjẹrà ló kù. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń pè ní ọmọ yẹn, ó tún ìyá jẹ́ ni. Ẹran ara kan náà ni, kò sí bàbá tó dá sí i, kò sí ohun tuntun tó wọ inú ẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé mi n'Íbàdàn ni ìyá ọkọ Màmá Ìkirè gé ewé rẹ̀. Òun kan náà ni. Mo jẹ dòdò kan lọ́dún tó kọjá, mo sì ń ro ó pé ẹnu mélòó ló ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí gan-an, àti pé ta ni Màmá ń fún lóúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń da omi ìfọ̀kòkò sí ìdí ẹ̀.

Kí ẹ má rò pé oríkì ni mo ń kì í. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ láyé náà ló lè pa á. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ ara kan náà, àìsàn tó bá mọ ọ̀nà wọ ọ̀kan ti mọ ọ̀nà wọ gbogbo wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń jẹ láyé àtijọ́, Gros Michel, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ: àrùn kan tó ń gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò pa oko lóko ní Amẹ́ríkà Àárín, títí ó fi di àwọn ọdún 1960 tí àwọn oníṣòwò fi pa á tì, tí wọ́n mú Cavendish dípò. Cavendish náà, ara kan ṣoṣo ni. Ní 2013, wọ́n rí irú àrùn náà mìíràn tó ń pa òun náà ní Mòsáńbíìkì. Ní 2019, ó ti dé Kòlóńbíà.

Tiwa ò tíì rí ìyẹn, ṣùgbọ́n tiwa rí tiẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, àrùn ewé kan tí wọ́n ń pè ní black Sigatoka dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àdúgbò yín: ìlà tóóró aláwọ̀ ilẹ̀ á kọ́kọ́ yọ, á dúdú, á wá jó gbogbo ewé láti etí. Ìdì á wà lórí, ewé tó máa bọ́ ọ ò sí mọ́, ẹyọ á wá rán bí ìka olókùnrùn. Àwọn onímọ̀ IITA ní ibùdó wọn ní Onne, ní ìpínlẹ̀ Rivers, pinnu pé àwọn máa wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ní gbà fún un. Ọ̀nà wo? Kóró. Wọ́n mú àtọ̀ òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kan tí wọ́n ń pè ní Calcutta 4, tó le bí irin sí àrùn náà, wọ́n fi ń pa òdòdó àgbagbà lára, láàárọ̀ kùtù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìdì bá pọ́n, wọ́n á fọ́ ọ ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n á máa fọwọ́ wá inú ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nínú oríṣi kan bí Obino l'Ewai, kóró á wà níbẹ̀. Ẹyọ kan. Méjì. Wọ́n á yọ ọlẹ̀ inú ẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ nínú ìgò, nítorí pé tí wọ́n bá kàn gbìn ín sílẹ̀, bóyá ni yóò hù. Inú irú kóró bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun tó ń kojú àrùn náà ti wá.

Nígbà tí mo kà á, mo dìde nílẹ̀. Kóró tí mo fi ọ̀bẹ wá kiri lọ́mọ ọdún mẹ́fà, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kàwé gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ ń fi ọ̀bẹ wá a ní Onne lọ́nà kan náà, wọ́n sì rí i. Inú bí mi díẹ̀ pé mo tètè ṣíwọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ré kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìgbà pípẹ́. Ní 1516, àlùfáà ará Spéènì kan, Tomás de Berlanga, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti erékùṣù Canary lọ sí Santo Domingo, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn ká. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa dé Kúbà, ó ti ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n sè é, wọ́n gún un, wọ́n pè é ní fufú, orúkọ yẹn ló ń jẹ́ níbẹ̀ dòní. Ṣàngó, tí a ń bọ níhìn-ín pẹ̀lú àmàlà, gbẹ̀gìrì àti orógbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú ẹ̀ ní Kúbà. Kò jọ pé ó bínú.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ nípa pàǹtí Màmá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sóko mọ̀ pé ọdún àkọ́kọ́ á dára, èkejì á ṣe bẹ́ẹ̀-bẹ́ẹ̀, tó bá di ẹ̀kẹta, ìdí ẹ̀ á ti yọ sókè ilẹ̀, atẹ́gùn á máa dà á ṣubú, àgbẹ̀ á sì kó lọ síbòmíràn. Ti ẹ̀yìn ilé ìdáná kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó lè lo ogún, ọgbọ̀n ọdún tó ń so. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kíyè sí i, wọ́n sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: pàǹtí ni. Èèpo àti eérú tí kì í dẹ́kun ló ń mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kó dúdú, kí gbòǹgbò lè rìn. Èmi náà ti wá ní kẹ́ẹ̀gì tí mo gé orí ẹ̀, tí mo ń kó èèpo iṣu sí. Ìyàwó mi ní ó ń rùn. Ó ń rùn lóòótọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti so ìdì kẹrin báyìí, ọmọ mẹ́ta ló yí i ká, ọ̀kan nínú wọn ṣe ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Onílé wa sì ti ní kí a kó jáde kó tó di ìparí ọdún, ọmọ òun ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀. Mo ti ra àpò ìrẹsì sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ejẹ́ńtì kan pè mí lórí fóònù nípa ilé kan ní apá Àkóbọ̀. Ó ń kà á fún mi: yàrá méjì, pálọ̀ kan, kànga, mítà iná, owó àgíríméǹtì. Mo bi í pé ẹ̀yìn ilé ìdáná ńkọ́.

Ó dákẹ́. "Ẹ̀yìn ilé ìdáná bíi báwo, sà?"

Mo ní ṣé wọ́n da kọnkéré sí i ni.

Ó ní rárá, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, koríko ló hù sí i, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́, òun máa bá onílé sọ ọ́ kó dà á kí n tó kó wọlé. Mo ní kó má dà á o.